Ẹ̀kọ́ Oṣù Yìí: Ajá Tó Ń Ṣọ́ Ilé àti Ṣọ́ọ̀bù, Ìtọ́jú Rẹ̀ àti Ẹ̀kọ́ Rẹ̀



Bí ilẹ̀ bá ṣú ní Post Office, tí oníbàárà ti lọ, tí a ti ti àgádágodo mọ́ ilẹ̀kùn, ta ló kù tó ń ṣọ́ ọjà wa? Àwọn kan nínú wa ń san owó ọlọ́dẹ. Àwọn kan ra ajá. Láti Post Office dé Challenge, dé ojú ọ̀nà Taiwo, ajá wà lẹ́yìn géètì púpọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa ló ń ra ajá bí ẹni ra àgádágodo: a so ó mọ́lẹ̀, ó parí. Ajá kì í ṣe àgádágodo o. Ó ń jẹun, ó ń ṣàìsàn, ó sì lè bu ọmọ oníbàárà jẹ. Ajá tí a tọ́jú, èrè ni. Èyí tí a kò tọ́jú, gbèsè ni, nígbà mìíràn gbèsè ẹ̀mí.

1. KÍ A TÓ RA AJÁ

Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín: Ta ni yóò fún un lóúnjẹ ní ọjọ́ Sunday àti ọjọ́ ọdún tí a kò ṣí ṣọ́ọ̀bù? Ṣé ibòji wà níbi tí a fẹ́ so ó mọ́? Ṣé àwọn aládùúgbò gbọ́ sí i? Ìlú àlùfáà ni Ìlọrin, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò sì fẹ́ kí itọ́ ajá kan aṣọ tí wọ́n fi ń kírun. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù gba ajá ọdẹ, ajá tó ń ṣọ́ ẹran àti èyí tó ń ṣọ́ oko láyè, ṣùgbọ́n ó ní kí a fọ àwo tí ajá bá lá ní ẹ̀ẹ̀méje. Nítorí náà, kí ajá ní àwo tirẹ̀, kí ó má sì dí ọ̀nà mọ́ ẹni tó ń lọ sí mọ́ṣáláṣí.

Irú ajá wo ni ká rà? Ẹ má fojú kéré ajá ìbílẹ̀ wa. Oòrùn kò rí i gbé ṣe, kì í jẹun jù, etí rẹ̀ sì mú. Àlísésàn dára, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Jámánì ló ti wá, níbi tí Max von Stephanitz ti bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ àwọn olùsìn rẹ̀ ní 1899. Irun rẹ̀ nípọn, ooru ilẹ̀ wa sì ń dà á láàmú. Boerboel tí wọ́n ń kó wá láti Gúúsù Áfíríkà tóbi, ó lágbára, àmọ́ oúnjẹ rẹ̀ ń gba owó. Iṣẹ́ ajá ìṣọ́ ni kí ó gbó, kí ó jí ènìyàn. Kì í ṣe kí ó pa ènìyàn.

Ẹ má ra ọmọ ajá tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Lọ́dọ̀ ìyá àti àwọn ẹgbọ́n rẹ̀ ló ti ń kọ́ bí a ṣe ń ṣeré láìbu ara ẹni jẹ. Èyí tí a tètè já lẹ́nu ọmú kì í mọ ìwọ̀n eyín rẹ̀.

2. OÚNJẸ ÀTI ÌMỌ́TÓTÓ

Omi tó mọ́ ni àkọ́kọ́, tọ̀sán tòru. Ẹ̀bà tàbí àmàlà nìkan kò tó ajá. Ó ń fẹ́ ẹja, ẹran tàbí ẹyin díẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ọmọ ajá ń jẹ ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, àgbà ajá ń jẹ ẹ̀ẹ̀mejì. Àwọn ohun tí kò yẹ kó jẹ nìyí: àlùbọ́sà, nítorí ó ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́, ṣokoléètì, májèlé ni fún un, àti egungun adìyẹ tí a ti sè, nítorí ó ń fọ́ ṣọnṣọ, ó sì lè gún un nínú. Ọbẹ̀ àjẹkù wa kún fún ata àti àlùbọ́sà, nítorí náà ẹ bù tirẹ̀ sọ́tọ̀ kí ẹ tó dá ọbẹ̀.

Ẹ máa wo inú etí rẹ̀ àti àárín ọmọ ìka rẹ̀ fún eégbọn. Eégbọn ń gbé àrùn sínú ẹ̀jẹ̀. Ajá á rẹ̀, ẹran ìdí eyín rẹ̀ á funfun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi òtapiapia tàbí bẹntiróòlù wẹ ajá. Májèlé ni, ajá á lá a kúrò lára rẹ̀. Dókítà ẹran ní oògùn tó yẹ. Ẹ fún un lóògùn aràn pẹ̀lú, nítorí àwọn aràn ajá kan lè kó ran àwọn ọmọdé tó ń ṣeré nínú yẹ̀pẹ̀.

3. BÍ A ṢE Ń KỌ́ AJÁ

Àwọn àgbà ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ọdẹ mọ̀ pé ajá tí kò gbọ́ ìpè kò wúlò nínú igbó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní ìgboro.

(a) Ẹ̀kọ́ kan, ọ̀rọ̀ kan. "Wá." "Jókòó." "Dúró." "Ó tó." Bí bàbá bá ń sọ "jókòó," tí ọmọ ń sọ "sit," tí ọlọ́dẹ ń sọ òmíràn, ajá ò ní mọ èwo ni kó mú.

(b) Èrè kíákíá. Ẹ gé wàrà kéékèèké. Ẹ mú ọ̀kan sókè imú rẹ̀, ẹ rọra gbé e lọ sẹ́yìn lókè orí rẹ̀. Bó ṣe ń gbójú tẹ̀lé e, ìdí rẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀. Bó bá ti kan ilẹ̀, ẹ sọ pé "jókòó," ẹ fún un lójú ẹsẹ̀. Tó bá pẹ́ díẹ̀, kò ní mọ ohun tí ẹ ń sanwó rẹ̀.

(d) Àkókò kúkúrú. Ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, ó tó.

(e) Ẹ má lù ú. Bí ẹ bá pè é, tó wá, tí ẹ wá nà án, ẹ ti kọ́ ọ pé kó má wá mọ́ nìyẹn. Ajá tí ẹ̀rù ń bà ló ń yára géni jẹ.

(ẹ) Ẹ jẹ́ kó mọ ayé nígbà èwe. Láàárín ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkẹrìnlá ni ojú rẹ̀ ń là sí ohun tó yí i ká. Ẹ jẹ́ kó rí ọmọdé, obìnrin tó wọ hìjáábù, ọ̀kadà. Kó gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀. Ẹ gbé e lọ́wọ́ bí kò bá tíì gba abẹ́rẹ́, kó má bàa kó àrùn nílẹ̀. Ajá tí kò rí ènìyàn rí títí ó fi dàgbà á rò pé gbogbo oníbàárà ni olè.

Ní ọ̀sán, kí ó wà lẹ́yìn, níbi tí oníbàárà kò lè dé. Bí a bá ti ti géètì, kí a tú u sílẹ̀. Ẹ má so ó mọ́lẹ̀ láti àárọ̀ dé àárọ̀. Ńṣe ló ń sọ ọ́ di oníjà.

4. ERÉ AJÁ

Ajá tí kò ríṣẹ́ ṣe á máa gbó afẹ́fẹ́. Ẹ mú un rìn kí oòrùn tó mú. Níbòmíràn, wọ́n ti sọ eré ajá di ìdíje. Ní London, ní 1978, ní àfihàn ajá tí wọ́n ń pè ní Crufts, wọ́n kọ́kọ́ ṣe eré tí ajá ń fo igi kọjá tó sì ń gba inú ihò jáde, tí olówó rẹ̀ ń fi ohùn àti ọwọ́ darí rẹ̀. Táyà àlòkù àti pákó kan tó láti ṣe irú rẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Àwọn ará Jámánì ní ìdánwò mẹ́ta fún ajá tiwọn: títọ ipasẹ̀, ìgbọràn, àti ìdáàbòbò. Ẹ kíyè sí i pé nínú ìdáàbòbò náà, ajá gbọ́dọ̀ já ẹni tó dì mú sílẹ̀ bí olówó rẹ̀ bá ti sọ̀rọ̀. Ajá tí kò mọ "ó tó," ewu ni nílé. Ti kí a mú ajá méjì jà kí a fi ta tẹ́tẹ́, ìyẹn kì í ṣe eré, ìkà ni.

5. DÌGBÒLUGI

Níbí ni kí gbogbo wa ti fetí sílẹ̀ dáadáa. Inú itọ́ ajá tó ní àrùn yìí ni kòkòrò rẹ̀ wà. Ojú ibi tó géni jẹ tàbí ibi tó ti họ ló ń gbà wọlé. Ó sábà máa ń pamọ́ sára fún oṣù méjì sí mẹ́ta kó tó hàn, nígbà mìíràn ju ọdún kan lọ. Bó bá ti hàn, ikú ló kù. Ẹgbàágbèje ènìyàn ló ń pa lọ́dọọdún, nǹkan bí 59,000 ní gbogbo ayé, ọ̀pọ̀ wọn ní Áfíríkà àti Éṣíà, ajá ló sì ń fa èyí tó pọ̀ jù.

Ṣùgbọ́n a lè dá a dúró. Láti 1885, nígbà tí Louis Pasteur fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan ní abẹ́rẹ́ ní ilẹ̀ Faransé, tí ọmọ náà sì yè, ni ọ̀nà ti là. Bí ajá bá gé ènìyàn jẹ:

Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.
Ẹ má fi epo, ata tàbí àgúnmu sí i. Jíjẹ ẹ̀dọ̀ ajá náà kò wo nǹkan kan.
Ẹ lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an fún abẹ́rẹ́. Kì í ṣe ẹyọ kan. Ẹ gbà á pé.
Ẹ má pa ajá náà. Bí ẹ bá lè tì í mọ́lé láìséwu, kí dókítà ẹran máa wò ó fún ọjọ́ mẹ́wàá.

Ajá tó bá pé oṣù mẹ́ta ni kó gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, kí a sì máa tún un gbà lọ́dọọdún. Kí a tọ́jú káàdì rẹ̀. Ẹ má ra abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé e kiri nínú àpò. Inú òtútù ló gbọ́dọ̀ wà láti ibi tí wọ́n ti ṣe é títí dé ara ajá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, omi lásán ni.

6. OHUN TÍ ẸGBẸ́ LÈ ṢE

Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Bí ajá méje nínú mẹ́wàá ládùúgbò bá gba abẹ́rẹ́, àrùn náà kò ní rí ọ̀nà gbà mọ́. Ajá tèmi nìkan kò lè gbà wá. Ẹ jẹ́ kí a ka iye ajá tó wà lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́, kí a dá owó jọ, kí a pe dókítà ẹran wá ní ọjọ́ kan ṣoṣo fún gbogbo wa. Ìrìn ẹsẹ̀ kan á kárí. Ọjọ́ Dìgbòlugi Àgbáyé, tí í ṣe ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù September, yẹ fún un. Ilé ìwòsàn ẹran ti Yunifásítì Ìlọrin wà nítòsí láti béèrè lọ́wọ́ wọn.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ

1. Ajá mélòó ló wà ní ọ̀wọ́ ṣọ́ọ̀bù yín? Mélòó ló ní káàdì?
2. Ọ̀rọ̀ wo ni gbogbo ará ilé yín ń lò láti pe ajá? Ṣé ọ̀kan náà ni?
3. Bí ajá bá gé ọmọ oníbàárà jẹ lónìí, kí ni ẹ máa kọ́kọ́ ṣe?
4. Èló ni kí olúkúlùkù dá fún ọjọ́ abẹ́rẹ́, ta ni kó sì gba owó náà?

Kí akọ̀wé kọ ìdáhùn sílẹ̀ kó sì mú un wá sí ìpàdé.