Àjàní, La Ẹnu Kí N Wò Ó

Àjàní ọmọ mi, jókòó síbí, gbé fóònù yẹn sílẹ̀. Ìyàwó rẹ ti sọ fún mi. Ó ní nǹkan funfun kan ti wà létí ahọ́n rẹ láti ìgbà Iléyá, pé o máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì ha á bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò. Ta ló kọ́ ọ nírú ìyẹn?

Funfun ẹnu tí aṣọ lè nù kúrò kò bà mí lẹ́rù. Èyí tó lẹ̀ mọ́ ara, tí kò ṣeé nù, òun ni àwọn dókítà eyín ń pè ní leukoplakia. Kì í ṣe jẹjẹrẹ, àmọ́ ó lè dà á. Mi ò ní parọ́ fún ọ, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni kì í dà á. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ahọ́n àti abẹ́ rẹ̀ wà lára ibi tó léwu jù, ibẹ̀ gan-an ni tìrẹ sì wà. O ní kò dùn ọ́. Kì í kúkú dunni níbẹ̀rẹ̀!

Mo mọ bí ẹ̀yin awakọ̀ tírélà ṣe ń ṣe ní Àpápá. Tírélà á tò lọ rẹrẹẹrẹ ní ọ̀nà èbúté Tin Can, ẹ ó sùn sínú ọkọ̀, sìgá lọ́wọ́ kan, páragà lọ́wọ́ kejì. Ìyà ọ̀nà yẹn pọ̀, mo kẹ́dùn fún yín. Ṣùgbọ́n sìgá ń ba ẹnu jẹ́, ọtí ń bà á jẹ́, bí méjèèjì bá sì pàdé, ewu wọn ń di ìlọ́po. Aáṣáà náà ńkọ́? Tábà kan náà ni.

O ń sá fún ìtọ́jú nítorí o gbọ́ pé wọ́n ń fi iná jó funfun náà. Lésà ni wọ́n ń sọ, ìmọ́lẹ̀ sì ni lésà. Èyí tí wọ́n máa ń lò jù fún irú iṣẹ́ yìí, afẹ́fẹ́ carbon dioxide ni wọ́n fi ń ṣe é. Kumar Patel, ọmọ Íńdíà kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ló gbé e jáde ní 1964. Omi ló ń fa ìmọ́lẹ̀ náà mu, ẹran ẹnu sì kún fún omi. Ibi tí wọ́n bá dojú rẹ̀ kọ, omi ibẹ̀ á hó, ẹran tó bàjẹ́ á bá a lọ. Ooru yẹn náà á dí ojú iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké, ẹ̀jẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dà. Wọn á ti gún abẹ́rẹ́ tó ń pa ibẹ̀ kú tẹ́lẹ̀.

Gbọ́ èyí dáadáa: ẹni tó bá fẹ́ jó o láìkọ́kọ́ bù díẹ̀ níbẹ̀ lọ wò, sá fún un. Ohun tó bá ti jóná, kò sẹ́ni tó lè yẹ̀ ẹ́ wò mọ́ bóyá jẹjẹrẹ ti wọ inú rẹ̀. Lẹ́yìn lésà náà, funfun yẹn lè padà wá, nítorí náà wọn á máa pè ọ́ wá wò. Bí o kò bá sì fi sìgá sílẹ̀, o kàn ń dà wọ́n láàmú ni.

Fi kẹ́místì àdúgbò sílẹ̀. Ọsibítù Ajeromi wà nítòsí yín ní Ajégúnlẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n kọ̀wé fún ọ lọ sí ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà, ọ̀dọ̀ àwọn dókítà eyín. Bó bá jẹ́ ọ̀bẹ ni wọ́n ní dípò lésà, jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀bẹ gé e. Gba owó ọkọ̀ yìí. Ọjọ́ Ajé ni, Àjàní, má jẹ́ kí n tún pè ọ́.