Iṣẹ́ Alábòójútó Iná Mànàmáná ní Ọ̀tà

Ìlú àtayébáyé ni Ọ̀tà jẹ́ fún àwọn Àwórì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gba Ṣàngó-Ọ̀tà kọjá lónìí yóò rí ilé-iṣẹ́ ńláńlá lọ́tùn-ún àti lósì. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ́ irin, tí wọ́n sì ti ń ṣe ike, oúnjẹ àti oògùn. Iná mànàmáná ni ó gbé gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí ró. Bí iná bá kú lójijì, ẹ̀rọ a dákẹ́, òṣìṣẹ́ a káwọ́ gbera, irin tí a ti yọ́ a sì dì mọ́ inú ìkòkò. Nítorí náà, ó yẹ kí ọ̀dọ́ tí ń ronú nípa iṣẹ́ ọjọ́ iwájú béèrè pé: ta ni ń bójú tó iná yìí, báwo ni a sì ṣe ń dé ipò rẹ̀?

Ọdún 1896 ni iná mànàmáná kọ́kọ́ tàn ní Èkó. Ní ọdún 1950, ìjọba dá ilé-iṣẹ́ ECN sílẹ̀. Ní 1972 ó di NEPA, ní 2005 ó sì di PHCN. Ní gbogbo ìgbà wọ̀nyí, òṣìṣẹ́ ìjọba ni ọ̀gá iná. Bí ọdún rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ti ń pọ̀ sí i ni ipò rẹ̀ ń ga sí i, títí yóò fi fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n ní oṣù kọkànlá ọdún 2013, ìjọba fi iṣẹ́ pípín iná lé àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́. Mọ́kànlá ni ilé-iṣẹ́ tí ń pín iná nígbà náà. Ti Ìbàdàn ni ó gba Ọ̀tà. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ òṣìṣẹ́ PHCN ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn ní àkókò náà.

Ǹjẹ́ ilẹ̀kùn ti tì bí? Rárá o. Ilé-iṣẹ́ tí ń pín iná ń fẹ́ alábòójútó fún wáyà, fún ìṣirò owó àti fún àwọn oníbàárà. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan ní Ọ̀tà àti Agbára ń fi gáàsì pèsè iná tiwọn. Àwọn náà ń fẹ́ ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn èyí, òfin iná ti ọdún 2023 fún àwọn ìpínlẹ̀ láyè láti máa ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná ní àyè tiwọn. Síbẹ̀, ipò ọ̀gá kò pọ̀, àwọn tí ń wá a ni ó pọ̀.

Kí ni a fi ń díwọ̀n alábòójútó rere? Ká sọ pé ó ra iná tí owó rẹ̀ tó 100 náírà. Bí 20 bá ṣòfò lórí wáyà tí ó ti gbó àti lọ́wọ́ àwọn olè iná, 80 ni ó kù láti gba owó lé lórí. Bí àwọn oníbàárà bá san 60 péré, 40 ti sọnù. Alábòójútó tí ó fi mítà sí ojúlé kọ̀ọ̀kan, tí ó sì ń tètè tún taransifọ́mà ṣe, ni yóò dín òfò náà kù. Bákan náà, àdúgbò tí a bá ti gba owó ìsọ̀rí kìn-ín-ní lọ́wọ́ rẹ̀, ó kéré tán, wákàtí 20 ni ó gbọ́dọ̀ ní iná lóòjọ́. Ẹni tí ó gba owó náà tí kò fún wọn ní iná, ẹ̀tàn ni ó ṣe.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ẹ fi ọkàn sí ìṣirò àti ẹ̀kọ́ físíìsì láti ìsinsìnyí. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè kọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, ẹlòmíràn lè kọ́ ìṣirò owó. Ẹ má kọ̀ láti bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, nítorí ẹni tí kò gun òpó iná rí kò ní tètè mọ ìgbà tí ẹni tí ó gùn ún bá ń parọ́ fún un. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ jẹ́ olóòótọ́: ìwé ẹ̀rí a máa múni wọ ibi iṣẹ́, ìwà ni í múni pẹ́ níbẹ̀.