Ẹ̀kọ́ Fún Tọkọtaya: Gìtá Mélòó Ni Ó Tó?

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá ní oṣù yìí lè pa ẹlòmíràn lẹ́rìn-ín nígbà tí ó bá kọ́kọ́ rí àkọlé rẹ̀. Ó pa àwọn kan lẹ́rìn-ín pẹ̀lú ní ọjọ́ tí a bi wá ní ìbéèrè náà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ akọrin wa ní Anthony parí ìdánrawò wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ku oṣù díẹ̀ kí ó gbéyàwó tọ̀ wá wá, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì wí pé: "Ẹ jọ̀wọ́, sà, gìtá mélòó ni ó yẹ kí ẹni tí ó ti gbéyàwó ní?" Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Àwa kò lè rẹ́rìn-ín, nítorí pé ìbéèrè náà kan ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ nínú ilé tiwa, èyí tí a ó sọ láìfi bò nígbà tí a bá dé ibẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀ràn gìtá nìkan ni èyí. Àwọn àgbà wí pé, ohun tí ó wu ni ní í pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni. Ti ẹlòmíràn, bàtà ni. Ti ẹlòmíràn, aṣọ ẹbí ni. Ti ẹlòmíràn, àwo tí a tò sínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì, tí a kò bu ọbẹ̀ sí rí. Ẹni tí gìtá kò wù, kí ó fi ohun tí ó wù ú sí ipò rẹ̀ bí ó ti ń ka ẹ̀kọ́ yìí, yóò sì rí i pé òun náà ni a ń bá wí.

I. BÍ GÌTÁ ṢE DÉ Ọ̀DỌ̀ WA

Kí a tó ka iye, ó yẹ kí a mọ ohun tí a ń kà. Gìtá kì í ṣe ohun èlò tí àwọn baba ńlá wa ṣe. Àwọn atukọ̀ ojú òkun ni ó gbé e wá sí etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn ará Kírúù ti ilẹ̀ Làìbéríà, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ àwọn òyìnbó, sì wà lára àwọn tí ó tan ọ̀nà títa á kálẹ̀ láti èbúté dé èbúté. Nígbà tí Túndé King, ọmọ Èkó, gbé orin jùjú rẹ̀ sínú àwo fún ilé-iṣẹ́ Parlophone ní 1936, báńjò kan ṣoṣo ni ohun èlò olókùn tí ó wà nínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ìlù ni ìyókù. Ní 1949 ni Àyìndé Bákàrè so ẹ̀rọ tí í gbé ohùn sókè mọ́ gìtá tirẹ̀, tí okùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í lè bá ìlù sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé ìlù bò ó mọ́lẹ̀. Láti ìgbà náà ni gìtá ti ń pọ̀ sí i. Nígbà tí King Sunny Adé ṣe àwo tí ó pè ní "Juju Music" fún ilé-iṣẹ́ Island ní 1982, onígìtá pọ̀ nínú ẹgbẹ́ rẹ̀, Démọ́lá Adépọ̀jù sì jókòó ti gìtá kan tí a ń tẹ́ kalẹ̀ bí tábìlì, tí a ń fi irin fà lójú okùn.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ohun kan nínú èyí. Nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, gìtá kan a máa sọ̀rọ̀, èkejì a dá a lóhùn, ẹ̀kẹta a máa tún ọ̀rọ̀ kúkurú kan náà sọ láìdákẹ́, òmíràn a sì di ìsàlẹ̀ mú kí orin má bà a wó. Olúkúlùkù wọn ni ó ní iṣẹ́, olúkúlùkù wọn ni ó sì ní ọwọ́ tí ń ta á. Ẹgbẹ́ kan lè ní gìtá mẹ́fà, kí ó má sì sí ọ̀kan tí ó pọ̀ jù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan nínú pálọ̀ rẹ̀, ọwọ́ méjì péré ni ó ní.

II. ÌDÍ TÍ ÈNÌYÀN FI LÈ NÍ JU Ọ̀KAN LỌ

A fẹ́ kí àwọn ìyá wa ka apá yìí pẹ̀lú sùúrù, nítorí pé kì í ṣe gbogbo gìtá kejì ni ó jẹ́ ìwà òmùgọ̀. Èyí tí inú rẹ̀ ṣófo, tí àwọn ọmọ wa ń pè ní bọ́kìsì gìtá, kò nílò iná mọ̀nàmọ́ná. A lè ta á nínú ilé nígbà tí iná bá lọ. Gìtá oníná kò lè dún dé ẹ̀yìn ìjọ bí a kò bá so ó mọ́ ẹ̀rọ. Èyí tí a ń pè ní bééèsì, okùn mẹ́rin ni ó sábà máa ń ní, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti di ohùn ìsàlẹ̀ mú. Ẹni tí ń ta á kò lè fi bọ́kìsì gìtá dípò rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí aránṣọ kò ti lè fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ ṣe iṣẹ́ maṣíìnì. Bẹ́ẹ̀ náà ni okùn lè já lójijì ní àárín orin ní ọjọ́ Ìsinmi. Ẹni tí ó ń ṣíwájú orin tí ó sì ní èkejì nítòsí kò ṣe àṣejù. Aya tí kò bá mọ ìyàtọ̀ wọ̀nyí yóò máa rò pé ohun kan náà ni ọkọ òun ń rà lárà-tún-rà. Ojúṣe ọkọ ni láti ṣàlàyé fún un.

III. OHUN TÍ GÌTÁ Ń JẸ

Ẹni tí ó bá ra ewúrẹ́ mọ̀ pé òun yóò máa wá ewé fún un. Gìtá pẹ̀lú a máa jẹun. Ilé-iṣẹ́ Martin ti Amẹ́ríkà, tí ó ti ń ṣe gìtá láti 1833, gbani nímọ̀ràn pé kí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ibi tí a ń tọ́jú gìtá onípákó sí wà láàárín 45 sí 55 nínú 100. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Èkó, ẹ mọ̀ pé ìlú wa wà létí omi. Ní àkókò òjò, ọ̀rinrin a ga ju ìwọ̀n yìí lọ púpọ̀púpọ̀: pákó a wú, àtè tí ó so ó pọ̀ a lè rọ̀, okùn a sì dípẹtà. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, pákó a súnkì, ó sì lè là. Ẹni tí ó ní gìtá mẹ́rin olókùn mẹ́fà ní okùn mẹ́rìnlélógún láti máa pààrọ̀. Gìtá tí a gbé kọ́ ògiri, tí a kò ta, kò sinmi níbẹ̀ rárá. Bíbàjẹ́ ni ó ń bàjẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀ràn àyè. Púpọ̀ nínú wa ní Anthony àti ní àdúgbò Kòsọ́fẹ́ yìí ni ó ń gbé ilé tí a háyà, níbi tí àwọn ọmọ, ìwé wọn, jẹnẹrétọ̀ àti ọjà ìyá wọn ti ń jìjàdù àyè. Ẹni tí ń gbálẹ̀ pálọ̀ ni ó mọ iye àpótí gìtá tí ó wà níbẹ̀ dájú ju ẹni tí ó ni wọ́n lọ.

IV. ÀṢÌṢE TIWA

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, gìtá mẹ́ta ni ó wà nínú ilé wa, aya wa sì mọ̀ nípa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀kẹrin ni a rà láìsọ fún un. A wí nínú ọkàn wa pé a ó sọ fún un bí ó bá yá, a sì gbé e pamọ́ sí yàrá tí àwọn akọrin ti ń wọ aṣọ wọn.

Aya wa ń ta tòmátì àti ata ní ọjà Mile 12. Ní ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn tí a ra gìtá yìí, òjò dá àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tí ń bọ̀ láti Òkè Ọya dúró lójú ọ̀nà. Nígbà tí wọn yóò fi dé, omi ti ń jò lára apẹ̀rẹ̀, owó òwò rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣègbé tán. Ó dé ilé ní alẹ́, ó kúnlẹ̀, ó ní: "Bàbá wọn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yá mi nínú owó ọwọ́ yín, kí n lè rí ọjà rà lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀." A dá a lóhùn pé: "Ìyá wọn, owó kò sí." Òótọ́ ni pé owó kò sí. Ibi tí owó lọ ni a kò sọ. Ó lọ yá owó lọ́wọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jà, ó sì fi oṣù mẹ́rin gbáko san án díẹ̀díẹ̀.

Ní oṣù karùn-ún, òrùlé yàrá àwọn akọrin ń jò. Ọmọdékùnrin kan nínú ẹgbẹ́ náà, tí ó rò pé òun ń ṣe wá lóore, gbé gìtá náà dé ilé wa, ó ní: "Mọ́mì, ẹ bá Bàbá gba gìtá wọn kí òjò má bà á jẹ́." Aya wa gbà á, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ náà, ó sì fún un ní oúnjẹ. Nígbà tí a wọlé, orí àga tí àwa máa ń jókòó sí ni a bá gìtá náà. Ó béèrè ọjọ́ tí a rà á. A sọ fún un. Ó fi ìka ka oṣù sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni ó wí pé: "Bàbá wọn, n kò bá yín jà nítorí gìtá. Ẹ ti ń ta á kí ẹ tó fẹ́ mi. Alẹ́ ọjọ́ tí ẹ sọ fún mi pé owó kò sí ni mo ń rò. Bí ẹ bá tún sọ fún mi lọ́la pé kò sí, báwo ni n ó ṣe mọ̀ bóyá kò sí lóòótọ́?"

A kò rí èsì fọ̀. Àwa tí a ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn ní ìtumọ̀ ẹ̀jẹ́ ìgbéyàwó, nínú èyí tí ọkọ fi gbogbo ohun ìní rẹ̀ fún aya rẹ̀ níwájú ìjọ, àwa ni a dákẹ́ bí ọmọ tí a ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé tí ó tẹ̀lé e, a kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde sí pálọ̀. Ó ní kí a ta wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a sì sọ iṣẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èkíní ni èyí tí a fi ń kọrin pẹ̀lú àwọn ọmọ ní alẹ́. Èkejì ni gìtá oníná tí a ń ta nínú ìsìn. Nígbà tí a dé orí ẹ̀kẹta, a kò rántí ìgbà tí a ta á kẹ́yìn; ìpẹtà ti já méjì nínú okùn rẹ̀. Ó wò ó, ó ní: "Èyí ti kú, ẹ kò kàn tí ì sin ín ni." Ẹ̀kẹrin, èyí tí a fi pamọ́, ni ohùn rẹ̀ dùn jù, ṣùgbọ́n iṣẹ́ èkíní náà ni ó ń ṣe. A ta ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin, a sì fi owó náà lé aya wa lọ́wọ́ fún òwò rẹ̀. Títa ẹ̀kẹrin dùn wá dé egungun, a kò ní purọ́. Ọ̀ràn náà kò sì tán ní ọjọ́ náà. Fún nǹkan bí ọdún kan, nígbàkígbà tí a bá wí pé owó kò sí, aya wa a kàn máa wò wá, yóò sì dákẹ́.

V. ÌLÀNÀ TÍ A FI ṢỌWỌ́ SÍ YÍN

Èkíní: kí gìtá kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tí o lè dárúkọ níwájú aya rẹ. Èyí tí kò bá ní, tà á, tàbí kí o fún ọmọ ilé-ìwé tí ó fẹ́ kọ́ ọ.

Èkejì: kí ọ̀rọ̀ ṣíwájú owó. Ẹni tí ó ra nǹkan tán kí ó tó sọ kò gbàmọ̀ràn, ìròyìn ni ó mú wá.

Ẹ̀kẹta: kí ọkọ àti aya jọ fi ẹnu kò sí iye owó kan, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò ní ná kọjá láìsọ fún èkejì. Kí olúkúlùkù sì ní owó kékeré tirẹ̀ nísàlẹ̀ iye náà, tí a kì yóò bi í léèrè lórí rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin: kí okùn àti àtúnṣe gìtá jáde láti inú owó kékeré náà, kí ó má ṣe ti inú owó oúnjẹ tàbí owó ilé-ìwé wá.

Ẹ̀karùn-ún, sí ẹ̀yin ìyá: òfin kan náà ni ó de aṣọ ẹbí àti gèlè. Bí ọkọ yín bá sì wá fi ìfẹ́ ọkàn rẹ̀ lọ̀ yín, ẹ má ṣe fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí a bá fi ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́ẹ̀kan kì í tún padà wá sọ.

Èsì tí a fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà nìyí: kí ó mú ẹyọ kan wọ ilé ìyàwó, kí ó ta á títí okùn rẹ̀ yóò fi gbó lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nígbà púpọ̀, bí iṣẹ́ kan bá wá yọjú tí ẹyọ kan náà kò lè ṣe, kí ó mú aya rẹ̀ dání lọ sí ilé ìtajà, kí àwọn méjèèjì jọ gbọ́ ohùn èkejì kí a tó san owó rẹ̀. Ó béèrè pé, "Bí ó bá ní rárá ńkọ́, sà?" A ní kí ó padà sílé, kí ó sì ta ẹyọ kan tí ó ní fún un.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀWỌN OLÙKỌ́ LÁTI BI ẸGBẸ́ WỌN

1. Kí ni ohun tí ó pọ̀ jù nínú ohun ìní rẹ, iṣẹ́ wo sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń ṣe?

2. Nínú ìtàn tí a sọ, ọjọ́ wo gan-an ni àṣìṣe ṣẹlẹ̀: ọjọ́ tí a ra gìtá ni, tàbí alẹ́ tí a wí pé owó kò sí? Ẹ sọ ìdí tí ẹ fi rò bẹ́ẹ̀.

3. Iye owó wo ni ó yẹ kí tọkọtaya nínú ìjọ yín fi ẹnu kò sí gẹ́gẹ́ bí ààlà ìnáwó láìsọ? Kí olúkúlùkù bá aya tàbí ọkọ rẹ̀ jíròrò rẹ̀ nílé kí ó tó dáhùn.