Nọ́ọ̀sì àti Àyẹ̀wò Ẹnu Ilé-Ọmọ

Àwọn àgbà ní ẹni tí yóò dá ẹni láṣọ, ti ọrùn rẹ̀ ni à á wò. Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní 2006 nípa àwọn nọ́ọ̀sì obìnrin ní Nnewi, ní ìlà-oòrùn Nàìjíríà, fi hàn pé ọ̀pọ̀ wọn ni ó mọ̀ nípa àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ti ṣe é fún ara wọn kò pé 10 nínú 100. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí fún Ìkẹ́rẹ́ àti gbogbo gúúsù Èkìtì.

Kòkòrò àrùn HPV, tí ìbálòpọ̀ ń tàn kálẹ̀, ni ó ń fa àrùn náà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi ń ba ara jẹ́ láìsí ìrora. Ẹni tí ó bá dúró títí ẹ̀jẹ̀ fi ń dà lè pẹ́ jù.

Nọ́ọ̀sì tí a kọ́ ní iṣẹ́ náà lè fi fínígà tí a fi omi là kan ẹnu ilé-ọmọ. Ibi tí ó bá di funfun kì í ṣe jẹjẹrẹ dandan. Ìkìlọ̀ ni, a sì lè tọ́jú rẹ̀ kí ó tó burú.

Láti 2023 ni Nàìjíríà ti ń fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá tí ó ti pé ọgbọ̀n ọdún, àyẹ̀wò ni tirẹ̀. Kí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀, kí ó pa àṣírí mọ́, kí ó má sì kanra. Nígbà náà ni àwọn ìyá yóò gbà á gbọ́.