Ojú Ọ̀tá Nínú Sinimá Ogun

Ẹ jókòó ti àwọn ọmọ yín nígbà tí wọ́n bá ń wo sinimá ogun, kí ẹ sì kíyè sí ọ̀tá inú rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà kò ní orúkọ. Fìlà irin bo ojú rẹ̀, igbe kan ṣoṣo ni yóò ké kí ó tó ṣubú. Bí ogún irú rẹ̀ bá kú, ọmọ a tún bu gúgúrú sẹ́nu. Kì í ṣe pé ọkàn ọmọ náà le. Ẹni tí ó ya sinimá náà ni kò fún un ní ènìyàn tí yóò káàánú.

Àwọn kan mọ̀ọ́mọ̀ ṣe òdìkejì èyí. Ní ọdún 1930, Lewis Milestone gbé All Quiet on the Western Front jáde ní Amẹ́ríkà, láti inú ìwé Erich Maria Remarque, ọmọ Jámánì. Àwọn ọmọ ogun Jámánì, tí Amẹ́ríkà bá jà títí di ọdún 1918, ni a ń bá rìn nínú rẹ̀. Paul, ọmọ ilé-ìwé tí ọ̀rọ̀ dídùn olùkọ́ rẹ̀ tì sójú ogun (kí àwa olùkọ́ gbọ́ o), sá sínú kòtò tí àgbá gbẹ́. Ọmọ ogun Faransé kan bẹ́ sínú kòtò náà, Paul sì gún un lọ́bẹ. Ọkùnrin náà kò tètè kú. Ilẹ̀ ṣú bá àwọn méjèèjì níbẹ̀. Paul fún un lómi, ó ń bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ẹ̀mí bọ́, ó rí orúkọ rẹ̀ nínú àpò rẹ̀, àti àwòrán ìyàwó àti ọmọ rẹ̀. Raymond Griffith ni ó ṣe ọmọ Faransé yìí, aláwàdà tí ohùn rẹ̀ ti bàjẹ́ láti kékeré. Kò sọ ọ̀rọ̀ kan. Ojú rẹ̀ ni ó ṣe gbogbo iṣẹ́.

Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, Goebbels kó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Násì wọ gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń fi í hàn ní Berlin. Wọ́n tú eku funfun sílẹ̀, wọ́n fi òórùn burúkú lé àwọn òǹwòran. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ a fi òfin de sinimá náà. Wọ́n ní ó tàbùkù ọmọ ogun Jámánì. Èrò tèmi ni pé ẹni tí ń wá ogun mìíràn kò fẹ́ kí ọ̀dọ́ rí àwòrán inú àpò yẹn.

Ní ọdún 2006, Clint Eastwood, ọmọ Amẹ́ríkà, ya Letters from Iwo Jima ní èdè Jàpáànù, nípa ogun ọdún 1945. Ọ̀gá ológun Jàpáànù kan ka lẹ́tà tí ìyá Sam, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó kú sọ́wọ́ wọn, kọ sí i. Ọ̀rọ̀ ajá tí ó gbẹ́ ihò sábẹ́ ọgbà wà níbẹ̀, àti ìmọ̀ràn ìyá. Ọmọ ogun kan wí pé bákan náà ni ìyá òun ṣe sọ fún òun. Síbẹ̀ sinimá náà kò fọ ẹnikẹ́ni mọ́: àwọn ọmọ Jàpáànù pa ẹlẹ́wọ̀n nínú rẹ̀, àwọn ọmọ Amẹ́ríkà náà sì yìnbọn pa àwọn tí ó ti túúbá.

Bàbá kan ní àdúgbò wa bá àwọn ará Jàpáànù yìí kan náà jà ní Bọ́mà. “Wọ́n” nìkan ni ó máa ń pè wọ́n. Lọ́jọ́ kan ó sọ pé òun bá àwòrán kan lára òkú ọ̀kan nínú wọn. A bi í pé àwòrán ta ni. Bàbá ní kí a lọ bu omi wá.