Ọ́FÚSÁÌDÌ: KÍ NI ÌTUMỌ̀ RẸ̀, BÁWO NI A SÌ ṢE Ń MỌ̀ Ọ́N?

 

Àwọn òbí kan lè máa bèèrè pé kí ni ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ń wá nínú ìwé ilé-kéwú. Ìdáhùn wa kò jìnnà. Àwọn ọmọ wa ń gbá a, àwọn bàbá wọn ń wò ó, ohun tí ó sì ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàrin wọn jù ni ọ́fúsáìdì. À ń gbọ́ tí ọmọ tí kò tíì há Yásín sórí tán ń fi Wàláhì búra lórí góòlù tí wọ́n gbá ní ìlú òyìnbó. Fífi orúkọ Ọlọ́hun búra kì í ṣe ohun eré. Ó tọ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń búra lé lórí.

Àwọn Lárúbáwá ń pè é ní tasallul. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń ka sarfu mọ̀ pé ara sīn, lām àti lām ni ó ti jáde: kí ènìyàn yọ́ kẹ́lẹ́ wọlé, tàbí kí ó yọ́ kẹ́lẹ́ jáde. Ọ̀rọ̀ ìṣe yìí náà ni ó wà nínú Sūratu Nūr, àáyá 63, nípa àwọn tí wọ́n ń yọ́ kúrò lọ́dọ̀ Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, tí ẹnì kan ń fi ẹnì kejì bo ara rẹ̀. Lójú tiwa, orúkọ yìí ṣàlàyé òfin náà ju ti òyìnbó lọ. Ẹni tí ó yọ́ lọ dúró lẹ́yìn ọ̀tá láti máa retí bọ́ọ̀lù ni òfin ń bá wí.

Òfin 11 ni ó sọ ọ́. Ohun mẹ́ta gbọ́dọ̀ pé lẹ́ẹ̀kan náà: kí agbábọ́ọ̀lù wà ní ìdajì pápá ti ẹgbẹ́ kejì, kí ó wà níwájú bọ́ọ̀lù, kí ó sì súnmọ́ ìlà ẹnu ilé wọn ju ẹni kejì tí ó kẹ́yìn nínú wọn lọ. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, kò sí tasallul. Orí, ara àti ẹsẹ̀ ni a ń wò, ọwọ́ àti apá kò sí nínú ìṣirò. Bí òun àti ẹni kejì náà bá dọ́gba, bí ẹ ti ń dọ́gba nínú sááfù, kò ṣẹ̀. Ọdún 1990 ni èyí ti wọ inú òfin. Kí ó tó di ìgbà náà, ẹni tí ó dọ́gba ti ṣẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa sọ pé “aṣọ́lé àti ẹnì kan” ni. Òfin kò dárúkọ aṣọ́lé rárá, ẹni méjì ni ó sọ. Ní Qatar, ní ọjọ́ 20 oṣù kọkànlá ọdún 2022, Ife Àgbáyé ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni tí Enner Valencia ọmọ Ecuador fi orí kan bọ́ọ̀lù wọlé. Wọ́n fagi lé e, ariwo sì sọ. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé aṣọ́lé Qatar ti jáde síwájú, ẹsẹ̀ Michael Estrada sì ti kọjá gbogbo wọn àfi ẹnì kan. Ecuador padà borí pẹ̀lú góòlù 2 sí òdo.

Ìgbà wo wá ni à ń wò? Ìgbà tí ẹsẹ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan bọ́ọ̀lù ni, kì í ṣe ìgbà tí bọ́ọ̀lù dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá lèmọ́mù ní rúkúù ti rí rákà náà gbà, bí lèmọ́mù bá tilẹ̀ gbórí sókè lẹ́yìn náà. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó yára lẹ́sẹ̀ lè ti fi ìgbésẹ̀ márùn-ún kọjá àwọn ará ẹ̀yìn kí bọ́ọ̀lù tó bà á, síbẹ̀ tí kò ṣẹ̀. Ẹni tí ń gbé àsíá gbọ́dọ̀ rí ohun méjì papọ̀, ẹsẹ̀ níbí, ìlà lọ́hùn-ún. Nítorí ìṣòro yìí ni wọ́n ṣe fi ẹ̀rọ fídíò VAR sínú òfin ní ọdún 2018, tí wọ́n sì fi ẹ̀rọ sínú bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ ní Qatar. Bí àwọn tí ó ní irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá ń dúró yẹ̀ ẹ́ wò, kí ni ẹni tí ó dúró lẹ́yìn ilé lórí pápá wa rí tí ó ń fi búra pé rẹfirí ti gba rìbá?

Ipò nìkan kọ́ sì ni ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tí ó dúró síbẹ̀ tí kò fọwọ́ kan eré, tí kò dí aṣọ́lé lójú, tí kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, a fi í sílẹ̀. Bọ́ọ̀lù kọ́nà, èyí tí a jù wọlé láti ẹ̀gbẹ́ pápá, àti èyí tí wọ́n gbá láti ẹnu ilé kò ní tasallul nínú bí ó bá ti ọ̀dọ̀ wọn dé tààrà.

Òfin náà ti le ju báyìí lọ rí. Ẹni mẹ́ta ni ó gbọ́dọ̀ wà níwájú rẹ títí di 1925. Bill McCracken, ará ẹ̀yìn Newcastle, sọ ọ́ di pàkúté: a sún síwájú, ọ̀tá a sì di ẹlẹ́ṣẹ̀. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di ẹni méjì, góòlù nínú líìgì Gẹ̀ẹ́sì fò láti 4,700 sí 6,373 láàrin sáà kan. Pàkúté náà kò kú o. Ní ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá ọdún 2022, àwọn ará ẹ̀yìn Saudi Arabia tò síwájú gan-an, góòlù mẹ́ta ni wọ́n sì fagi lé fún Argentina kí ìdajì àkọ́kọ́ tó parí. Saudi padà borí, 2 sí 1. Ewu rẹ̀ pọ̀ o, nítorí bí ẹnì kan ṣoṣo bá gbàgbé láti bá wọn sún, ó ti tú gbogbo rẹ̀.

Kí àwọn ọmọ kíláàsì òkè kọ ìdáhùn èyí wá. Agbábọ́ọ̀lù kan dúró lẹ́yìn gbogbo ará ẹ̀yìn ọ̀tá. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ju bọ́ọ̀lù wọlé sí i láti ẹ̀gbẹ́ pápá. Ó fi orí tì í fún ẹlòmíràn tí òun náà wà lẹ́yìn wọn, níwájú bọ́ọ̀lù, ìyẹn sì gbá a wọlé. Ta ni ó ṣẹ̀, ta ni kò ṣẹ̀, kí sì ni ìdí rẹ̀?