Ẹ Fi Ikú Inú Ìtàn Sílẹ̀ Nínú Ìtàn

Ẹ̀yin ọmọ Ìta Fáàjì, mo ń gbọ́ àríyànjiyàn yín. Ta ni yóò kú nínú apá tó ń bọ̀? Ṣé ẹni tí wọ́n gún lọ́bẹ ti kú lóòótọ́, àbí àwọn tó ṣe fíìmù ló ń tàn wá jẹ? Àwọn ẹgbẹ́ mi kan ní kí n bá yín wí, wọ́n ní ẹ ń fi dátà àti àsìkò ṣòfò. N kò ní bá yín wí lórí ìyẹn, nítorí mo mọ̀ pé inú ìtàn ni ènìyàn ti ń kọ́ bí ayé ṣe rí kó tó bọ́ sínú ayé fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tèmi ni ibi tó yẹ kí ẹnu yín ti dúró.

Àwọn baba ńlá yín ti ṣe irú rẹ̀ ní Èkó yìí kí tẹlifíṣàn tó dé. Ní oṣù Keje ọdún 1929, ìwé ìròyìn Akéde Èkó, tí Isaac Babalọlá Thomas jẹ́ olóòtú rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Ṣẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, ẹlẹ́gbẹ̀rún ọkọ láyé. Obìnrin náà ní òun ti darúgbó, àìsàn ti dá òun gúnlẹ̀, òun sì fẹ́ jẹ́wọ́ gbogbo ohun tí òun fi ẹwà ṣe nígbà èwe kí ọlọ́jọ́ tó dé. Lẹ́tà ń tẹ̀lé lẹ́tà títí di oṣù Kẹta ọdún 1930. Èkó gbóná! Àwọn òǹkàwé ń kọ̀wé sí olóòtú: ta ni ìyá yìí gan-an? Àdúgbò wo ló ń gbé? Àwọn kan fi owó ránṣẹ́ pé kí wọ́n bá àwọn fi tọ́jú rẹ̀ nínú àìsàn.

Bẹ́ẹ̀ kò sí Ṣẹ̀gilọlá kankan. Thomas ló ń jókòó ti tábìlì rẹ̀, tó ń kọ gbogbo rẹ̀. Ó mọ àdúgbò wa, ó mọ orin tí Èkó ń kọ lásìkò náà, ó mọ bí obìnrin Èkó ṣe ń sọ̀rọ̀ bí inú bá ń bí i àti bí ó bá ń sunkún. Ohun tó mú kí ènìyàn lè búra pé òun ti rí Ṣẹ̀gilọlá rí nìyẹn. Nígbà tó di ọdún 1930, ó kó àwọn lẹ́tà náà jọ di ìwé, àwọn onímọ̀ sì ń kà á mọ́ ìwé ìtàn àròsọ tó kọ́kọ́ jáde ní èdè Yorùbá.

Mo fẹ́ràn ìtàn Ṣẹ̀gilọlá yìí púpọ̀, mo sì ń fi í yangàn pé Èkó la ti ṣe é. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí mo máa ń rò nípa rẹ̀. Ní Èkó ìgbà náà, àwọn ìyá arúgbó wà tí wọ́n lẹ́wà nígbà èwe wọn, tí wọ́n fẹ́ ọkọ ju ẹyọ kan lọ, tí àìsàn sì dá wọn jókòó sílé. Bí gbogbo ìlú bá wá ń bèèrè pé ta ni Ṣẹ̀gilọlá, ojú ta ni wọ́n máa wò? Kálukú ló ní ẹnìkan ní àdúgbò rẹ̀ tó lè nàka sí. Ìméfò tó jẹ́ eré lọ́dọ̀ ẹni tó ń kàwé lè di ẹrù lórí obìnrin tí kò kọ lẹ́tà kankan sí ẹnikẹ́ni.

Bí ẹ bá wà nínú ìtàn, ẹ máa sọ tẹnu yín. Ìjàpá ti kú lọ́nà tí a kò lè kà tán. Ó jábọ́ látojú ọ̀run, igbá ẹ̀yìn rẹ̀ fọ́ yángá. Alẹ́ ọjọ́ kejì, ẹni tó pàlọ́ tún ní ó ń lọ sílé àna rẹ̀. Kò sí ọmọ tó sunkún sùn nítorí rẹ̀. Àwọn àgbà tó ń pàlọ́ fún wa máa ń dákẹ́ sí ibi tó dùn jù, kí a lè bẹ̀rẹ̀ sí í méfò. Iṣẹ́ ni wọ́n ń fi bẹ́ẹ̀ kọ́ wa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe rò pé ó yẹ kí ènìyàn máa méfò, nítorí púpọ̀ nínú yín kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ máa ń sọ pé ẹni tí ẹ fẹ́ràn kò ní kú. Ìfẹ́ yín kò sí nínú ìtàn. Ìwà ẹni náà ni kí ẹ wò, àti ibi tó wà. Nígbà tí fíìmù Game of Thrones bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2011, Ned Stark ni gbogbo ayé rò pé ìtàn náà wà fún. Ìpín kẹsàn-án ni wọ́n bẹ́ ẹ lórí. Ariwo ta. Ṣùgbọ́n ẹ padà lọ wò ó: olóòótọ́ ni, ó bọ́ sí ààfin àwọn ọ̀dàlẹ̀, ó sì lọ sọ ohun tó fẹ́ ṣe fún ọ̀tá kó tó ṣe é. Ikú rẹ̀ ti wà nílẹ̀ tipẹ́ kí idà tó sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó bá mọ ìtàn wò á ti rí i.

Ẹ tún wo Kàkó nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ, tí ilé ìtẹ̀wé CMS ní Èkó tẹ̀ jáde lọ́dún 1938. Nígbà tí Kàkó fẹ́ bá àwọn akọni yòókù lọ sí Òkè Láńgbòdó, ìyàwó rẹ̀ dì mọ́ ọn pé kó má lọ, Kàkó sì pa á, ó bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Ìran mélòó ló ti jiyàn lórí ikú obìnrin yẹn ní kíláàsì! Inú ń bí mi sí Kàkó títí di òní. Síbẹ̀, inú bíbí yẹn ló kọ́ mi pé akíkanjú lè jẹ́ ìkà, pé ojú ọ̀nà ogo ni àwọn kan ti ń fẹsẹ̀ tẹ àwọn tó fẹ́ràn wọn mọ́lẹ̀. Ṣé ẹ rí èrè tó wà nínú ikú inú ìwé?

Mo tún ń bẹ̀ yín, ẹ má máa tú àṣírí ìtàn fún ẹni tí kò tíì dé ibẹ̀. Ìgbéyàwó ẹlẹ́jẹ̀ tí wọ́n fi han ayé ní oṣù Kẹfà ọdún 2013 nínú Game of Thrones yẹn, inú ìwé ló ti wà láti ọdún 2000. Fún ọdún mẹ́tàlá ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ka ìwé náà fi mọ ẹni tí wọ́n máa pa níbẹ̀, tí wọ́n sì pa ẹnu mọ́ kí àwọn tó ń wò ó lórí tẹlifíṣàn lè gba tiwọn. Èmi kà á sí ọmọlúwàbí. Ẹlòmíràn nínú yín kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan. Kó tó délé láti ibi tó ti wò ó, ó ti kọ ọ́ sí gúrúùpù àdúgbò.

Tiwa náà ti dé báyìí, inú mi sì dùn sí i. Nígbà tí Aníkúlápó tí Kúnlé Afọláyan ṣe jáde lórí Netflix ní 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, gbogbo ilé ló gba ọ̀rọ̀ náà. Saro, aláṣọ òkè tó wọ Ọ̀yọ́, kú, ẹyẹ àkàlà jí i, òun náà wá di ẹni tó ń jí òkú. Fíìmù yẹn ti pẹ́ tó kí n sọ pé Saro tún kú ní ìparí rẹ̀. Oṣù mẹ́tàdínlógún ni ẹ fi jiyàn bóyá ó lè padà. Ní 1 oṣù Kẹta ọdún 2024, apá tuntun dé, Saro padà, àwọn tó ti jí sì di ọ̀ràn sí i lọ́rùn. Ẹni tí kò bá tíì wò ó, n kò ní sọ ibi tó já sí.

Ibi tí mo ń lọ rèé o.

Ní 7 oṣù Kejìlá ọdún 1963, Fágúnwà fúnra rẹ̀ rì sínú omi nítòsí Bídà. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ kiri pé àwọn iwin tó ń kọ ìwé nípa wọn ló wá mú un lọ. Wọ́n ń sọ ọ́ nígbà tí mo wà lọ́mọdé, wọ́n ṣì ń sọ ọ́. Àwọn tó ń sọ ọ́ kò ní i lọ́kàn láti bú u. Ìfẹ́ ìwé rẹ̀ ló pọ̀ lọ́kàn wọn, wọ́n sì fẹ́ kí ikú rẹ̀ jọ ìwé rẹ̀. Ṣùgbọ́n Fágúnwà kì í ṣe Akàrà-ògùn, ọdẹ inú ìwé rẹ̀. Olùkọ́ ni, òṣìṣẹ́ ilé ìtẹ̀wé Heinemann ni, ó ní ìyàwó, ó ní ọmọ. Ọmọ tí omi gba bàbá lọ́wọ́ rẹ̀ ni ènìyàn ń bá sọ̀rọ̀ iwin. Ẹ fojú inú wò ó pé bàbá yín ni.

Ohun tí à ń ṣe lónìí burú ju ìyẹn lọ, nítorí ti ìgbà yẹn, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn. Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin olórin wa, MohBad, kú ní 12 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, tí wọ́n sì hú òkú rẹ̀ ní 21 oṣù náà kí àwọn dókítà lè yẹ̀ ẹ́ wò, àwọn ènìyàn sọ ọ́ di fíìmù alápá púpọ̀. Láàárọ̀, ọ̀rẹ́ ló pa á. Lọ́sàn-án, ẹbí ni. Lálẹ́, ẹlòmíràn ni. Ẹ ń dúró de ẹ̀rí tuntun bí ẹni ń dúró de apá tó ń bọ̀. Mi ò ní kí ẹ má béèrè fún ìdájọ́ òdodo. Àwọn ọ̀dọ́ tó jáde sí títì, tí wọ́n ní kí ìjọba ṣe ìwádìí, ohun tó tọ́ ni wọ́n ṣe. Ẹni tó ní kí a wádìí ń wá òtítọ́. Ẹni tó yan apànìyàn láti orí ibùsùn rẹ̀, tó fi àwòrán ẹni náà síta, òun ti dá ẹjọ́ tí kò gbọ́ ẹnu ẹlẹ́rìí kan.

Èyí tó sún mọ́ wa jù lọ kò ṣeé gbàgbé. Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, 13 oṣù Kẹta ọdún 2019, ilé alájà tí ilé ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ wó ní Massey Street níhìn-ín. Ènìyàn 20 ló kú, ọmọ iléèwé sì wà nínú wọn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ àdúgbò wà lára àwọn tó kọ́kọ́ débẹ̀, ọwọ́ lásán lẹ fi ń gbé búlọ́ọ̀kù tó ti fọ́, ẹ̀ ń gbé ọmọ ọlọ́mọ jáde nínú eruku. Ọlọ́run yóò san án fún yín. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan náà, fóònù ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Iye tí ẹni kan bá pè, ẹlòmíràn á fi kún un. Wọ́n ń fi fídíò ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ bò lójú ránṣẹ́ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ìyá tí kò tíì rí ọmọ rẹ̀ kò yẹ kó rí ojú ọmọ náà lórí fóònù aládùúgbò kó tó dé Jẹ́nẹ́rà ní Òdán. Bí ẹ bá rí irú fídíò bẹ́ẹ̀, ẹ pa á rẹ́. Bí ẹ bá gbọ́ iye, ẹ bi ẹni tó sọ ọ́ pé ta ló kà á. Bí ó bá sì ní òun kò mọ̀, kí ọ̀rọ̀ náà kú sọ́wọ́ yín.

Ìbéèrè gidi wà níbẹ̀, ìyẹn ni kí ẹ máa tẹ̀ mọ́. Àwọn aláṣẹ ìjọba sọ pé àwọn ti sàmì sí ilé náà pé wíwó ni. Bí a ti sàmì sí i, kí ló dé tó ṣì dúró, tí ọmọ ṣì ń gun àtẹ̀gùn rẹ̀ láràárọ̀? Ìyẹn kì í ṣe ìméfò, ó ní ẹni tó yẹ kó dáhùn rẹ̀. Ẹ máa wo àmì tó wà lára ògiri ilé tí ẹ ń gbé àti èyí tí àbúrò yín ti ń kàwé, kí ẹ sì pariwo kó tó wó.

Ní ti àwọn òṣèré wa tí ẹ ti pa lórí fóònù nígbà tí wọ́n ṣì ń mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó tó. Ẹ̀rù ba ọmọ wọn. Ẹ má sì lọ máa bú obìnrin lọ́jà nítorí ó ṣe ìyálé burúkú nínú fíìmù. Iṣẹ́ ló ń ṣe, ó sì ṣe é dáadáa ni inú ṣe ń bí yín.

Ní ti Aníkúlápó, ẹ bi mí lọ́jọ́sí pé láàárín Saro àti Àrólákẹ́, olorì tó bá a sá lọ, ta ló jẹ̀bi. Mo ti rò ó dáadáa. Saro ni. Àrólákẹ́ ló gba àdó tí wọ́n fi ń jí òkú lọ́wọ́ ẹyẹ àkàlà, Saro ló ń gba ìyìn. Ìyẹn ì bá ṣeé dárí jì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ ọba kú, tí ilé ń sunkún, Saro dúró níwájú òkú ọmọ ọlọ́mọ, ó ní àfi kí wọ́n fún òun ní ọmọbìnrin ọba kí òun tó jí i. Láti ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé kò ní là á já. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ní Àrólákẹ́ ló dalẹ̀ rẹ̀ nígbà tó da ohun inú àdó nù. Ẹni tí kò bá gba tèmi, kó wá bá mi lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, kó sì mú ibi tó ti rí i nínú fíìmù náà wá hàn mí.